Báwo ni ẹ ṣe ń ya ìko Sàngbétò nínú Krita tí kò fi ní dà bí irun?

Ọmọ Topo:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ayàwòrán tó ń lo Krita, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni Sàngbétò mẹ́ta, eégún ìko àwọn Ògù (Ègùn), níwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ní Marina, Àgbádárìgì, ní ìrọ̀lẹ́, oòrùn láti ọwọ́ òsì. Wọn yóò tẹ̀ ẹ́ sórí pépà A2. Láptọ́ọ̀pù náà ní RAM 8GB. Tí a bá fa ìko lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ilẹ̀, ṣe ló ń dán bíi wíìgì, kò sì wúwo lójú. Ṣé búrọ́ọ̀ṣì ìko tí wọ́n ń tà ló yẹ ká rà ni?

Ọ̀dà Ìkòròdú:
Ẹ má ra nǹkan kan. Búrọ́ọ̀ṣì tó bá Krita wá ti tó. Ohun tó ń sọ ìko di irun ni pé a ti ń wo fọ́nrán nígbà tí a kò tíì rí òkìtì. Òkìtì ni Sàngbétò: orí ṣóńṣó, ìdí gbòòrò, ara rẹ̀ rí roboto. Ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ yí òkìtì yẹn po kí fọ́nrán kankan tó débẹ̀.

Àwọ̀ eérú nìkan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, lórí káńfáàsì kékeré tí kò ju 1000 píksẹ́ẹ̀lì lọ ní fífẹ̀. Ìpele mẹ́rin péré: ibi tí oòrùn bà, àárín, òjìji, àti ibi tó dúdú jù lọ. Tí ẹni tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán kò bá lè sọ ibi tí oòrùn ti ń bọ̀, ẹ má kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fẹ káńfáàsì náà lójú. Ẹ kun ìrísí Sàngbétò kọ̀ọ̀kan sí layer tirẹ̀ (abala tí a ń tò lé ara wọn bíi pépà tó mọ́ gaara), kí ẹ fi í sínú Group (àpò layer), kí ẹ wá gbé àwọn layer yòókù lé e lórí pẹ̀lú Inherit Alpha, tí kì í jẹ́ kí àwọ̀ kọjá ìrísí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Group yẹn ṣe pàtàkì. Láìsí i, gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ ni Inherit Alpha yóò máa wò, títí kan ojú ọ̀run, àwọ̀ yóò sì ṣàn jáde kúrò lára eégún.

Ìdì ìko ló kàn, ní búrọ́ọ̀ṣì 60 sí 80 píksẹ́ẹ̀lì. Ìko máa ń tò lé ara wọn bíi koríko orí ahéré, nítorí náà, ẹsẹ̀ ti òkè gbọ́dọ̀ ju òjìji sórí ti ìsàlẹ̀. Òjìji yìí ló ń fún un ní ìwúwo. Ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ sí 12 píksẹ́ẹ̀lì. Fọ́nrán tín-ín-rín, bíi 3 píksẹ́ẹ̀lì, ibi mẹ́ta péré ló ní: etí ìrísí náà, ibi tí ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ti pàdé, àti ibi tí ẹ fẹ́ kí ojú kọ́kọ́ bà. Inú òjìji kò nílò rẹ̀.

Ní ti dídán, funfun tó gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀ ló ń fà á. Ìko gbígbẹ kì í kọ mànà bí ohun tí a fi òróró pa. Ẹ lo àwọ̀ koríko gbígbẹ, kí ẹ sì gé e ní ègé-ègé. Bákan náà, kí títẹ̀ ọwọ́ máa darí Size (ìtóbi búrọ́ọ̀ṣì) nìkan, kì í ṣe Opacity (bí àwọ̀ ṣe ki tó), torí Opacity ń sọ ìko di èéfín.

Ẹ má fi dúdú ṣe òjìji. Ẹ lo layer tí a yí sí Multiply, èyí tó ń mú ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣókùnkùn: àwọ̀ aró tó fẹ́ pọ́n díẹ̀, ní ìdá 50 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún, torí ojú ọ̀run ló ń tan ìmọ́lẹ̀ síbẹ̀. Ẹ máa tẹ M láti yí àwòrán padà bíi ti inú dígí; ibi tó wọ́ yóò hàn kíá.

Ẹlẹ́gùn-ún Òkun:
Àfikún kan tó ṣe kókó fún àwa ará Àgbádárìgì: ẹsẹ̀ ènìyàn kò gbọdọ̀ hàn. Lójú àwọn Ògù, kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá sì dojú rẹ̀ dé ní gbangba, òfìfo ni wọ́n máa ń fi han èrò. Nítorí náà, ìko gbọ́dọ̀ kanlẹ̀. Ẹ fa òjìji tóóró tó ṣókùnkùn gan-an sábẹ́ etí rẹ̀, kí ó máa rọ̀ bó ṣe ń jìnnà. Tí ẹ bá fo èyí, yóò dà bíi pé ó léfòó.

Tó bá ń yí, ìko ìsàlẹ̀ yóò fẹ̀ síta, yóò sì máa fà sẹ́yìn. Tó bá ń yí sápá ọ̀tún, kí gbogbo ṣóńṣó ìko tó wà níwájú tẹ̀ sápá òsì.

Ní ti ilé yẹn, Vanishing Point (ibi tí àwọn ìlà ilé ti ń pàdé lọ́ọ̀ọ́kán) wà nínú Assistant Tool. Ẹ lò ó fún orúlé àti fèrèsé, kí ẹ wá fi ọwọ́ lásán tún ìlà náà fà. Ilé tí wọ́n parí ní 1845 kò yẹ kó gún bíi rúlà.

Atẹ̀wé Ẹ̀pẹ́:
A2 ní 300 dpi (iye àmì àwọ̀ nínú ínṣì kan) jẹ́ 4961 × 7016 píksẹ́ẹ̀lì. Layer kan tó kún, 8-bit, yóò jẹ nǹkan bíi 139MB nínú RAM. Ogún layer ti ń lọ sí 2.8GB, kí a tó ka ti Undo (àṣẹ pípadà sẹ́yìn). Fún àwòrán tí wọn yóò gbé kọ́ ògiri, 200 dpi tó: 3307 × 4677, ìwọ̀n layer náà yóò sì lọ sílẹ̀ sí bíi 62MB. Tí ẹ bá yan èyí, kí ẹ dín búrọ́ọ̀ṣì òkè yẹn kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta.

Ìko tí wọ́n pa láró elésè àlùkò àti àwọ̀ ewé títàn ló máa ń ṣá jù tó bá dé orí pépà, torí íǹkì kò lè mú gbogbo àwọ̀ tí ojú kọ̀ǹpútà ń tàn. Ẹ tẹ Ctrl+Y kí ẹ rí i bí yóò ṣe rí nínú CMYK, ìyẹn àwọ̀ íǹkì ìtẹ̀wé. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ibi tó dúdú jù lọ sórí A4, torí pépà máa ń mú òjìji ṣókùnkùn sí i. Ctrl+Alt+S sì ni kí ẹ máa fi tọ́jú iṣẹ́: fáìlì tuntun ló ń ṣe nígbà kọ̀ọ̀kan, tí iná bá lọ lójijì, ti àtẹ̀yìnwá kò ní bàjẹ́.

Ọmọ Topo:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Layer mélòó wá ni fún eégún kan?

Ọ̀dà Ìkòròdú:
Márùn-ún: ìrísí, àwọ̀, òjìji, ìdì, fọ́nrán. Èyí tó jìnnà jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò nílò fọ́nrán rárá, àyàfi díẹ̀ létí rẹ̀ níbi tí oòrùn ti bà á.