Ṣọ́ọ̀bù pákó tí mo kàn mọ́ ara ilé, àti ohun tí ojú mi rí

Ẹni tó bá ń gbèrò láti kan ṣọ́ọ̀bù pákó mọ́ ara ilé rẹ̀, ẹ gbọ́ tèmi ná kí ẹ tó gbé òòlù.

Èmi kì í ṣe káfíńtà o. Mo kàn fẹ́ràn kí n máa kan àga àti tábìlì lẹ́yìn iṣẹ́ ni. Inú pálọ̀ ni mo ti ń ṣe é, títí ìyẹ̀fun igi fi dé orí bẹ́ẹ̀dì, tí ìyàwó mi ní kí n yan ọ̀kan: kí ayùn jáde, tàbí kí òun jáde. Mo wo ògiri ẹ̀gbẹ́ ilé, mo ní ṣebí ògiri mẹ́ta péré ló kù kí n kọ́, ìkẹrin ti wà nílẹ̀. Èrò yẹn gan-an ló kó bá mi.

Mo da kọnkéré sílẹ̀, mo gbé òpó dúró, mo fi ìṣó kọnkéré kan ìtì igi gbọọrọ kan mọ́ ògiri ilé kí òrùlé lè jókòó lé e. Mo lé páànù, mo wá fi síméńtì dí àlàfo tó wà láàárín páànù àti ògiri. Òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ṣe é. Mo tiẹ̀ ya fọ́tò.

Òjò àkọ́kọ́, kò sí nǹkan. Ìkejì, kò sí nǹkan. Ìkẹta ló tú mi láṣìírí. Mo wọlé láàárọ̀, omi tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ ń gba abẹ́ síméńtì yọ, ó ń tọ ara ìtì igi sọ̀kalẹ̀, ó ń kán tó, tó, tó sórí ayùn mi. Ayùn ti dípẹtà. Mo fi ìka kan síméńtì, ó ṣí bí èépá ojú egbò. Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ̀ ọ́; tèmi lanu, omi ló wọlé.

Mo tún un dí, ó tún sán. Mo fi ọ̀dà dúdú kùn ún, ó tún sán. Bàbá bíríkìlà kan ló bá mi wò ó, ó rẹ́rìn-ín: “Ọmọ mi, ilé yìí ti jókòó tipẹ́, ìpìlẹ̀ rẹ̀ jìn. Tìrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ibi tó máa jókòó sí ni. O wá dè wọ́n pọ̀, o ní kí wọ́n má mira.” Òótọ́ ni. Pákó á wú nígbà ọ̀rinrin, á súnkì nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ògiri bíríkì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Síméńtì tó wà láàárín wọn ni ìyà ń jẹ.

Mo tú ìtì igi náà. Mo ri òpó tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kí ṣọ́ọ̀bù dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, mo fi àlàfo ìka méjì sílẹ̀. Bàbá gé ilà tóóró sínú ògiri, ó ki etí páànù pẹlẹbẹ kan bọ̀ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́ kó bo orí òrùlé mi, kò sì kàn án mọ́ òrùlé rárá. Ilé dúró jẹ́ẹ́, ṣọ́ọ̀bù ń mira lábẹ́ rẹ̀. Ó ti gbẹ táútáú láti ìgbà náà.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: kọnkéré mi ga kọjá ọ̀rá dúdú tí wọ́n tẹ́ sínú ògiri kí omi ilẹ̀ má baà gòkè. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ rí i pé ọ̀dà ògiri pálọ̀ ń bó. Mo ní láti fọ́ ọ títí ó fi fi sẹ̀ǹtímítà 15 relẹ̀ ju ọ̀rá náà lọ. Ẹ̀yìn mi ṣì ń ro mí.

—

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú orí ire. Tèmi kì í ṣe omi, iná ni. Mo fi òróró linseed, òróró tí a fi ń kun igi, pa tábìlì lára, mo ká àkísà rẹ̀ jọ sínú garawa, mo lọ sùn. Òórùn kan ló jí mi lóru. Mo débẹ̀, kò sí iná, àmọ́ èéfín ń yọ nínú garawa, àkísà àárín ti dú. Òróró yẹn máa ń mú ooru jáde bó ṣe ń gbẹ. Tí àkísà bá kó jọ, ooru ò ráyè jáde, àkísà á fúnra rẹ̀ gbiná. Ògiri yàrá àwọn ọmọ mi ni garawa náà fara tì. Ìta ni mo ń sá àkísà sí báyìí, lọ́kọ̀ọ̀kan.

—

Èmi ò gba ìwé àṣẹ kí n tó kọ́ ṣọ́ọ̀bù tèmi. Ó sún mọ́ ààlà ilẹ̀ jù, wọ́n ní kí n wó ìdajì. Mo wó o.

—

Èmi tí mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wo garawa tèmi. Àkísà mẹ́rin ló wà níbẹ̀.