Lórí "abísíbí": ọmọ ni ẹ fẹ́ dárúkọ, ìyá rẹ̀ ni ẹ pè

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Ohun tí ó mú mi kọ̀wé ni ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa kan, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Yorùbá ní Kubwa, ní Àbújá, ní ọjọọjọ́ Sátidé, fi ránṣẹ́ sí wa pé kí a yẹ̀ wò kí ó tó lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé. Nínú rẹ̀, wọ́n pe àwọn ọmọ tí a bí sí Àbújá ní "abísíbí". Wọ́n kọ "Ibi ìbí" síbi tí òbí yóò ti sọ ìlú tí a bí ọmọ sí. Ní ìsàlẹ̀ ìwé, wọ́n fún àwọn ọmọ ní gbólóhùn kan láti há sórí: "Mo bí ní Àbújá." Àlàyé wọn ni pé Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kékeré kan, "born", tí ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí, àti pé ìtìjú ni kí Yorùbá máa fi odindi gbólóhùn sọ ohun tí ẹlòmíràn ń fi ọ̀rọ̀ ẹyọ kan sọ.

Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n, nítorí pé láìgba kọ́bọ̀ ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ìdí gan-an nìyẹn tí n kò fi lè dákẹ́, nítorí pé ohun tí wọ́n bá kọ́ ọmọ ní kíláàsì yẹn ni ọmọ yóò gbé dàgbà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí gbólóhùn àpẹẹrẹ. Ọ̀rọ̀-ìṣe agbàbọ̀, ìyẹn èyí tí kì í dúró láìní àbọ̀, ni "bí". Olùwà rẹ̀ ni ẹni tí ó rọbí, àbọ̀ rẹ̀ ni ẹni tí ó jáde wá. Kódà nígbà tí a bá sọ pé obìnrin bímọ, àbọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ìpajẹ, ìyẹn fáwẹ́lì tí a gé kúrò, ló so ó mọ́ ọn. Nítorí náà, ọmọ tí ó bá sọ pé òun bí ní Àbújá ti sọ ara rẹ̀ di ìyá ọlọ́mọ. Ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí wọ́n fi gbogbo ìgbà agbára wọn ṣòwò aṣọ ní Jọ́ọ̀sì, wà nílé wa nígbà tí ọmọbìnrin ọmọ ọdún 8 kan fi irú gbólóhùn yìí dá wọn lóhùn. Wọ́n gbé ṣíbí ẹ̀kọ wọn kalẹ̀, wọ́n bi í pé, "Kí lo bí, ọkùnrin ni tàbí obìnrin?" Ọmọ náà yíjú sí mi, kò mọ ohun tí yóò sọ. Wọ́n wá fà á mọ́ra, wọ́n ní, "Màmá rẹ ló bí ọ. Àbújá ni wọ́n bí ọ sí." Wọ́n mú kí ó wí i tẹ̀lé wọn títí ó fi yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, kí wọ́n tó padà sídìí ẹ̀kọ. Ẹni tí kò jókòó ní kíláàsì gírámà rí ni wọ́n, àmọ́ etí wọn kò gba ọ̀rọ̀-ìṣe tí a já àbọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀rí wà nílẹ̀ tí ó ju ti ẹ̀gbọ́n màmá mi lọ. Ẹ wo Súrátù Ìkílásì, orí 112 nínú Àlùkùránì, tí ọmọ ilé-kéwú ní Ìlọrin tàbí ní Kánò ti mọ̀ lórí kí ó tó mọ̀wé kà. Ní ẹsẹ 3, Lárúbáwá lo ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ó yí fáwẹ́lì inú rẹ̀ padà: "lam yalid wa lam yūlad". Àwọn àáfáà wa ń túmọ̀ rẹ̀ pé: "Kò bímọ, a kò sì bí I." Bí "bí" aláìlábọ̀ bá lè gba ìtumọ̀ tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ fún un, "kò sì bí" ni apá kejì ì bá jẹ́, ìyàtọ̀ kankan kì bá sì sí láàárín rẹ̀ àti apá kìn-ín-ní. Ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ odindi ló dúró lórí "a" àti "I" yẹn. Bíbélì Yorùbá, tí odindi rẹ̀ parí ní 1884 lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún iṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe é, tọ ọ̀nà kan náà ní Jòhánù orí 3 ẹsẹ 3: "bíkòṣe pé a tún ènìyàn bí". Wọn kò sọ pé kí ènìyàn tún bí. Àwọn tí wọ́n pa á lówe ṣáájú Crowther sì ti sọ pé ìbí kò ju ìbí, bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì di ẹ̀bi náà ru Haúsá tí àwọn ọmọ wa ń gbọ́ ní àdúgbò. "An haife ni a Kano" ni Haúsá ń sọ, "an" yẹn sì ń ṣe iṣẹ́ tí "a" àti "wọ́n" ń ṣe fún wa, ìyẹn ni pé ó ń sọ fún wa pé ẹnìkan tí a kò dárúkọ ló ṣe nǹkan náà. Gẹ̀ẹ́sì ilé-ìwé ni àṣìṣe yìí gbà wọlé. Gẹ̀ẹ́sì gan-an kò sì dá "born" sílẹ̀ lófìfo. Láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n fi ń sọ pé ènìyàn ru ẹrù ló ti wá, "bear". Nígbà tí wọ́n bá dárúkọ ìyá tó bí ọmọ, wọ́n ṣì ń kọ ọ́ ní "borne", tí ó ní "e" ní ìparí. Èyí tí kò ní "e" ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ ọmọ nìkan láìmẹ́nu ba ìyá. Ọ̀nà tiwọn nìyẹn. Iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kan yẹn ń ṣe fún wọn, oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ló ń ṣe é fún wa. Ẹni tí iṣẹ́ olùkọ́ wà lára rẹ̀ láti kékeré, a ní wọ́n bí i mọ́ ọn ni. "Mọ́" ló gbé ìtumọ̀ náà. Ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí kò tilẹ̀ nílò "bí" nínú orúkọ rẹ̀, ìkókó ni, ọmọ tuntun ni. Èwo ni ìtìjú níbẹ̀?

Mo wá dé orí "abísíbí", tí ọ̀rọ̀ mi dá lé. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "a-" olóhùn àárín, nígbà tí a bá fi í síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó gba àbọ̀, ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ ni ó máa ń dárúkọ. Apẹja ló ń pa ẹja, akọ̀wé ló ń kọ ìwé, agbẹjọ́rò ló ń gba ẹjọ́ rò. Nínú ọ̀rọ̀ ìbímọ pàápàá, agbẹ̀bí ni ẹni tí ń gba ẹ̀bí, abiyamọ sì ni ìyá tí ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n ti wá fi ohùn àárín pe "abísíbí", kò lè jẹ́ ẹlòmíràn bí kò ṣe obìnrin tí ó wá bímọ síbí. Àwọn ìyá tí ń ti Mararaba, ìlú tó wà lẹ́bàá Àbújá, wá bímọ ní ilé-ìwòsàn Àbújá ni orúkọ náà bá mu. Ohùn ìsàlẹ̀ ni a fi ń dárúkọ ọmọ: àkọ́bí, àbíkẹ́yìn, àbíkú, àtúnbí. Ẹni tí a bí ni gbogbo wọn, ẹyọ òbí kan kò sí láàárín wọn. (Òbí gba "ò-" tirẹ̀, ọ̀nà mìíràn nìyẹn, n kò ní yà sí i.) Ohùn kan ṣoṣo ló wà láàárín ìyá àti ọmọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ohùn yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n sì fi sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ti dá mi lóhùn pé Abíọ́dún ńkọ́, Abíọ́nà ńkọ́, Abídèmí ńkọ́. Ṣebí ohùn àárín ló bẹ̀rẹ̀ wọn, ọmọ ló sì ń jẹ́ wọn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n "a" inú orúkọ wọ̀nyẹn kì í ṣe àfòmọ́. Arọ́pò-orúkọ ni, òun ni ó wà nínú "a bí i". Gbólóhùn ni Abíọ́nà: a bí i sí ọ̀nà. Gbólóhùn sì lè di orúkọ ènìyàn láàárín wa, bí Ayọ̀délé ti jẹ́ gbólóhùn, tí Olúwafẹ́mi náà jẹ́ gbólóhùn. Ẹni kan tí a sọ ní orúkọ náà ló ń jẹ́ ẹ. Bí mo bá sọ fún ará Ògbómọ̀ṣọ́ pé abíọ́nà mẹ́ta wà ní kíláàsì, yóò rò pé ọmọ mẹ́ta tí orúkọ wọn papọ̀ ni mo ń sọ. Ẹ̀gbọ́n mìíràn, ará Kàbà, ní "abínibí" tú àlàyé mi ká, nítorí pé ohùn àárín ni àwọn gbọ́ lẹ́nu bàbá àwọn nínú "èdè abínibí". Ohùn ìsàlẹ̀ ni èmi gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ó tọ́ mi, inú ìwé ni a sì ti ń rí méjèèjì. Èmi kò gbà pé ọ̀rọ̀ tí ohùn rẹ̀ ṣì ń mì lè bi mẹ́rin tí mo kà lókè, tí ó dúró ṣinṣin, ṣubú. Bàbá wọn kì í ṣe ẹni tí mo lè já nírọ́, ṣùgbọ́n bàbá tèmi náà sọ Yorùbá.

Bí ẹ̀gbọ́n bá fẹ́ dandan kí ọmọ fi "mo" sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, orúkọ àmútọ̀runwá ti la ọ̀nà sílẹ̀. Táíwò, Kẹ́hìndé, Ìdòwú, Ìgè, Òjó, Àjàyí, Dàda: "bí" kò sí nínú ọ̀kankan wọn. Ọmọ ló mú wọn wá, ọmọ ló ń tọ́ ayé wò, ọmọ ló ń kẹ́yìn dé. Nígbà tí Yorùbá bá fi ọmọ ṣe olùwà, ọ̀rọ̀ ìrìn ni ó ń lò fún un. Babátúndé dé, Ìyábọ̀ bọ̀, Tòkunbọ̀ ti òkun bọ̀. "Àbújá ni mo ti wá sáyé" yóò dùn lẹ́nu ọmọ ọdún 8, ẹ̀gbọ́n màmá mi kò sì ní bi í léèrè ohun tí ó bí.

Ẹnìkan nínú wa bínú sí "sí" tí ẹ̀gbọ́n lò nínú "abísíbí", ó ní "ní" ló tọ́. Níbí, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n ni mo wà pátápátá. "Sí" ni a ń lò pẹ̀lú ọ̀rọ̀-ìṣe tí ń fi nǹkan sí ààyè: a kọ ọ́ sínú ìwé, a gbé e sórí tábìlì, a sin ín sí ilé bàbá rẹ̀. "A bí i ní Kánò" kò burú, wọ́n ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n "sí" ni mo bá lẹ́nu àwọn àgbà.

"Ibi ìbí" ló bà mí lẹ́rù jù. Lórí fóònù ni wọ́n ti tẹ ìwé náà, kò sì sí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀: "IBI IBI" ni ó hàn sí mi. Ẹni tí ó bá kà á lójijì yóò pè é ní aburú lórí aburú, lórí ìwé orúkọ ọmọ. Ẹ jẹ́ kí a tilẹ̀ fi àmì sí i. "Ibi" ni ààyè, "ibi" ni aburú, òun náà ni ibi ọmọ tí ń tẹ̀lé ọmọ jáde tí a ń rì mọ́lẹ̀. Obìnrin tí ó ti gbẹ̀bí rí, èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ rí. "Ìlú wo ni wọ́n bí ọmọ náà sí?" ni kí a kọ, kò sí ẹni tí yóò ṣì í kà.

Ó ku ojú ewé kejì, níbi tí "abísíbí" ti gba ipò "ọmọ ìbílẹ̀" bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Rárá o. Àwọn Gbagyi, àwọn Koro, àwọn Gade àti àwọn mìíràn tí ó ti wà lórí ilẹ̀ yìí kí ìjọba tó yà á sọ́tọ̀ fún olú-ìlú ní 1976 ni ọmọ ìbílẹ̀ níbí. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 pàápàá ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀: abala 25 sọ ẹni tí ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí, abala 318 sì sọ pé ti ìpínlẹ̀ kan ni ẹni tí òbí rẹ̀ kan tàbí òbí-àgbà rẹ̀ kan bá jẹ́ ará àwùjọ tí ó jẹ́ ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ náà. Abala 318 yìí kò béèrè ibi tí ìyá ti rọbí. Òfin yẹn ń dun ọ̀pọ̀ nínú wa tí ọmọ wa kò mọ ìlú mìíràn ju Àbújá lọ, ẹjọ́ tí ó sì yẹ kí a rò níwájú àwọn aṣòfin ni. Ọ̀rọ̀ tuntun kò lè bá wa rò ó. Nínú èdè wa, ọmọ tí a bí sí Sabon Gari ní Kánò, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Ọ̀fà, ọmọ bíbí Ọ̀fà ni a ń pè é. Àpètúnpè "bíbí" ń wo ìdílé, "bí sí" ń wo ìlú, ọmọ kan náà sì lè ní méjèèjì láìjà.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí "Wọ́n bí mi sí Àbújá" gba ipò "Mo bí ní Àbújá", kí ìbéèrè gba ipò "Ibi ìbí", kí "ọmọ tí a bí síbí" sì gba ipò "abísíbí". Bí ẹ̀gbọ́n bá fẹ́ ọ̀rọ̀ ẹyọ kan dandan, kí wọ́n fi ohùn ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, "àbísíbí", bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi kò ní lò ó. Mo ti kọ àwọn àtúnṣe náà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dà tèmi pẹ̀lú àmì ohùn wọn, n ó sì fi ránṣẹ́ sí wọn kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé. Ẹni tí ó bá mọ "abí-" olóhùn àárín kan tí ó ń dárúkọ ọmọ, tí kì í ṣe orúkọ tí a sọ ènìyàn, tí kì í sì í ṣe "abínibí", kí ó jọ̀wọ́ mú un jáde.