Ṣọ́ọ̀bù nínú mọ́ọ̀lù ńlá l'Ábújá: kí ni kí n bèèrè kí n tó tọwọ́ bọ̀wé?

Aládìrẹ Wúsé: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Àdìrẹ àti aṣọ òkè ni mò ń tà lọ́jà Wúsé. Ẹ̀jẹ́ńtì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí pé ṣọ́ọ̀bù kan ṣófo nínú mọ́ọ̀lù ńlá kan l'Ábújá níbí, square metre 42. Dọ́là ni wọ́n fi ka owó rẹ̀, ọdún márùn-ún ni àdéhùn, service charge sì wà lọ́tọ̀. Mo lọ wò ó. Kò sí táìlì nílẹ̀, kò sí sílíìnì, wáyà kàn ń rọ̀ dirodiro látòkè ni. Ọkàn mi fẹ́ ẹ gan-an, torí àwọn tó ń wá síbẹ̀ lè ra aṣọ òkè láìná an títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bàbá àwọn ọmọ ní kí n dúró sí Wúsé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti gba irú ṣọ́ọ̀bù yìí rí, kí ni kí n bi wọ́n?

Ìyá Ìbejì Lúgbè: Àǹtí mi, ẹ má tejú mọ́ rẹ́ǹtì nìkan. Service charge ló lé èmi jáde. Òun ni wọ́n fi ń sanwó àwọn ọlọ́dẹ, àwọn tó ń gbálẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù àti dísù jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé owó iná Band A, ti àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù, láti ₦68 sí ₦225 lórí kilowatt-hour kan lóṣù kẹrin 2024, orí àwa tó gba ṣọ́ọ̀bù ló já lé. Ẹ ní kí wọ́n kó bílì ọdún méjì sẹ́yìn ti ṣọ́ọ̀bù yẹn gan-an fún yín. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ti rí ìdáhùn nìyẹn.

Lọ́yà Gárkì: Ọ̀rọ̀ dọ́là ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà 2023, bíi ₦470 ni dọ́là kan ní báńkì. Nígbà tó fi di oṣù kejì 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹni tí wọn ò fi sẹ́ǹtì kan lé rẹ́ǹtì rẹ̀ nínú ìwé, owó tó ń san ti di ìlọ́po mẹ́ta. Náírà lẹ ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà, náírà náà sì ni òfin CBN ti 2007 mọ̀ sí owó tí a ń ná ní Nàìjíríà. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ ní náírà, kí ẹ jọ fẹnu kò sí iye tí wọn ó máa fi lé e lọ́dọọdún. Bí wọ́n bá takú, kí iye tí wọn ò gbọdọ̀ ṣẹ́ dọ́là kọjá wà nínú ìwé.

Ọdún márùn-ún sì gùn. Ẹ bèèrè ààyè láti jáde lẹ́yìn ọdún kejì. Àdéhùn tó bá ju ọdún mẹ́ta lọ, deed ló gbọ́dọ̀ jẹ́, ìyẹn ìwé òfin tí a fọwọ́ sí níwájú ẹlẹ́rìí, kì í ṣe ìwé pélébé tí ẹ̀jẹ́ńtì tẹ̀.

Bàbá Sábó Gàrì, Kánò: Ilé ìtajà ńlá wo ló ń fa èrò wá síbẹ̀, ìgbà wo sì ni àdéhùn tirẹ̀ máa parí? Shoprite kó kúrò ní Ado Bayero Mall ní Kánò níbí lóṣù kìíní 2024. Lóṣù kẹfà ọdún kan náà, wọ́n kúrò ní Novare Central ní Wuse Zone 5. Ẹni tó wá ra búrẹ́dì àti adìyẹ ló ń yà wo aṣọ bó bá ń kọjá. Tí kò bá wá ra búrẹ́dì mọ́, ta ló máa yà? Kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bí ilé ìtajà yẹn bá kógbá wọlé, rẹ́ǹtì yín á wálẹ̀ títí wọn ó fi rí òmíràn.

Aládìrẹ Wúsé: Ẹ ṣeun gan-an sà. Súpámákẹ́ẹ̀tì wà nísàlẹ̀, sinimá wà lókè. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ṣọ́ọ̀bù yìí wà, nítòsí tọ́ílẹ́ẹ̀tì.

Káfíńtà Kúbwà: Ẹ gbé téèpù lọ, kí ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín. Mo ṣiṣẹ́ nínú ọ̀kan tí òpó ńlá méjì dúró láàárín rẹ̀, wọ́n sì ka ẹsẹ̀ òpó mọ́ ilẹ̀ tí obìnrin náà ń sanwó lé. Kò lè kọ́ aṣọ síbẹ̀, ó sì ń sanwó rẹ̀. Táìlì, sílíìnì, iná, gíláàsì iwájú, ẹ̀yin lẹ máa ṣe gbogbo ẹ̀, òru ni wọ́n sì sábà máa ń jẹ́ ká kan ìṣó. Ẹ tọrọ oṣù méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ ò ní san rẹ́ǹtì, kí iṣẹ́ fi parí.

Ìyá Aláṣọ Gwarinpa: Èmi ò ní sọ pé kí ẹ má lọ o. Mọ́ọ̀lù ló jẹ́ kí n ní àwọn oníbàárà òṣìṣẹ́ ìjọba tí kì í wọ ọjà Wúsé rárá. Ṣùgbọ́n káńtà kékeré lójú ọ̀nà àárín mọ́ọ̀lù ni mo fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ń gbà fún oṣù díẹ̀. Ẹ gba irú rẹ̀ láti oṣù kẹwàá dé Kérésìmesì, kí ẹ má sì tíì fi Wúsé sílẹ̀. Ẹ lọ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn yẹn lọ́sàn-án Túsìdeè, kí ẹ wo iye ẹni tó gbé ọ̀rá ọjà lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá ní Sátidé, afẹ́fẹ́ tútù àti sinimá ni wọ́n bá wá.

Aládìrẹ Wúsé: Mo ti ní kí ẹ̀jẹ́ńtì fi bílì àti ẹ̀dà àdéhùn ránṣẹ́, mo sì bèèrè iye tí káńtà jẹ́. Ó ní kí n san díẹ̀ sílẹ̀ ná, kí ẹlòmíràn má baà gba ṣọ́ọ̀bù náà.

Lọ́yà Gárkì: Ẹ má san kọ́bọ̀ o. Kó kọ́kọ́ fi ìwé hàn yín pé ilé-iṣẹ́ tó ni mọ́ọ̀lù ló rán an. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì máa sanwó, àkáǹtì ilé-iṣẹ́ náà ni, kì í ṣe tirẹ̀. Tí ẹ̀dà àdéhùn bá dé, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí n kà á.