David Bruce-Brown: ṣé táyà ló pa á ni, àbí eré àsápajúdé?

ỌmọAdó: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà onímọ́tò Èkìtì. Mo fẹ́ bá àwọn ọmọ iṣẹ́ mekáníìkì ní Adó sọ̀rọ̀ nípa David Bruce-Brown, ọmọ olówó New York tó ń wa ọkọ̀ ìdíje. Àwọn kan ní owó ilé wọn ló ń gbé e borí, àwọn kan ní eré àsápajúdé ló pa á. Kí lòótọ́ ibẹ̀?

BàbáFọkanáísà: Ọmọ wa, owó lè gbé èèyàn dé ìdí sítíárìn, kò lè bá a yí i. Ìyá rẹ̀ pàápàá ò kọ́kọ́ fẹ́ kó sáré. Wo ìdíje ńlá American Grand Prize ní ìlú Savannah, ní Amẹ́ríkà, ní 1910: máìlì 415, nínú Benz tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 15. Wọn ò tú gbogbo ọkọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ń jáde tẹ̀lé ara wọn ni, àkókò tí kálukú lò ni wọ́n ń kà. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, ìṣẹ́jú àáyá 1.42 péré ló fi na Victor Hémery, ògbólógbòó awakọ̀ tí òun náà wa Benz! Ní 1911, ó tún borí níbẹ̀ pẹ̀lú Fiat, ó sì ṣe ipò kẹta nínú Indianapolis 500 àkọ́kọ́, ìdíje máìlì 500 ní Amẹ́ríkà.

Ẹlẹ́ńjìnnìÌkẹ́rẹ́: Fiat tó fi borí ní 1911 yẹn, S74, gan-an ni kí ẹ ṣàlàyé fún wọn. Sìlíńdà 4 péré, lítà 14 lé díẹ̀. Ihò sìlíńdà fẹ̀ tó mìlímítà 150, písítìnì ń rin mìlímítà 200. Ṣéènì ló ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kò sì sí bíréèkì níwájú rárá. Mekáníìkì tó jókòó ti awakọ̀ kì í ṣe èrò: òun ló ń fọwọ́ fa páńpù, kí afẹ́fẹ́ lè ti epo láti tánkì ẹ̀yìn wá sí kabúrétọ̀. Páìpù bá ti lu, afẹ́fẹ́ á sá, ẹ́ńjìnnì á kú. Wàhálà epo ló ba eré Bruce-Brown jẹ́ nínú Grand Prix ilẹ̀ Faransé ní Dieppe, ìdíje ọlọ́jọ́ méjì, oṣù kẹfà 1912. Òun ló ṣíwájú lópin ọjọ́ kìíní, àmọ́ ó bu epo sọ́kọ̀ níbi tí òfin ò gbà, ni wọ́n bá yọ ọ́. Georges Boillot ló borí, pẹ̀lú Peugeot onílítà 7.6.

BàbáFọkanáísà: Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1912 ló kú, nítòsí Milwaukee, nígbà ìdánrawò. Táyà bẹ́, ọkọ̀ tàkìtì, ẹ̀mí òun àti ti mekáníìkì rẹ̀, Tony Scudelari, bá a lọ. Ẹni ọdún 25 ni. Ẹ má fi eré nìkan parí ọ̀rọ̀ náà fún wọn. Kánfáásì ló wà nínú táyà ìgbà yẹn, wọ́n hun ún bí aṣọ òkè, òwú ìbú ń gun òwú òró. Bí táyà ṣe ń tẹ̀ tó ń dìde, àwọn òwú náà ń ha ara wọn, ooru ń mú inú rẹ̀, rọ́bà ń ṣí kúrò lára kánfáásì. Irú ooru tó máa ń wà lára táyà tó gbẹ́rù ti Ìkẹ́rẹ́ dé láìní afẹ́fẹ́ tó ni, àmọ́ tiwọn burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

ỌmọAdó: Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Báwo ni mo ṣe lè fi inú táyà hàn wọ́n?

BàbáFọkanáísà: Ẹ wá táyà àlòkù, ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ má gé etí tó ń jókòó lórí ríìmù, wáyà irin wà níbẹ̀. Ẹ fi pínṣà fa òwú jáde: wọ́n á rí i pé ọ̀nà kan náà ni gbogbo rẹ̀ dojú kọ, rọ́bà sì wà láàárín wọn. Ohun tí táyà Bruce-Brown ò ní nìyẹn. Kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ o.