Gíà ọ́tò tó ní + àti −: kí ni ká máa pè é?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀ fún gíà ọkọ̀ tó ń yí fúnra rẹ̀, tó sì tún ní àyè + àti − tí awakọ̀ lè fi yan gíà tó bá fẹ́: "gíà aláfọwọ́yí aládàáṣe", "gíà àmúlùmálà" àti "gíà agbàṣẹ". Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú wọn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú gíà yẹn gan-an ló yẹ kó yan orúkọ fún wa, ẹ jẹ́ ká sì tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì káàkiri Òṣogbo, gíà mánúà àti gíà ọ́tò ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Lórí mánúà, awakọ̀ á fi ẹsẹ̀ òsì tẹ kílọ́ọ̀ṣì, á fi ọwọ́ ti ọ̀pá, ọ̀pá á sì ti gíà fúnra rẹ̀ wọlé. Bó bá ti ọ̀pá sí gíà kejì nígbà tó yẹ kó wà ní ìkarùn-ún, kò sí ẹni tó máa dá a lẹ́kun, ẹ́ńjìnnì ló máa jẹ ìyà rẹ̀. Ti + àti − kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí kílọ́ọ̀ṣì lábẹ́ ẹsẹ̀. Bí ọ̀pá bá ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tí + àti − wà, súwíìṣì kékeré kan ló kù tó ń tẹ̀. Súwíìṣì yẹn á ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà gíà, èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní brain-box. Brain-box á wo eré ọkọ̀, á wo bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí tó. Bí ohun tí awakọ̀ béèrè bá máa gbé ẹ́ńjìnnì kọjá ilà pupa (òpin ibi tó yẹ kí ẹ́ńjìnnì yí dé), á kọ̀; nọ́ńbà ojú pánẹ́ẹ̀lì ò ní yí padà, ọkọ̀ mìíràn á tilẹ̀ han. Bó bá gbà, á ṣí sólẹ́nọ́ìdì (fáàfù kékeré tí iná ń ṣí), òróró gíà á fi agbára fún àwọn àwo inú gíà pọ̀, gíà á yí. Bí ọkọ̀ bá sì ń dúró lọ nígbà tí awakọ̀ gbàgbé rẹ̀ sí ìkẹrin, brain-box á dá a padà sí ìkìíní láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìdí nìyí tí "aláfọwọ́yí" kò fi dára. Ọwọ́ kò yí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á máa wá kílọ́ọ̀ṣì, tàbí kó rò pé gíà méjì ni wọ́n dì sínú agolo kan. Àṣìṣe kejì yìí ń ná àwọn ènìyàn lówó. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ra tòkunbọ̀: "bí ọ́tò rẹ̀ bá bàjẹ́, màá máa lo mánúà rẹ̀." Kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Àwo kan náà, òróró kan náà, sólẹ́nọ́ìdì kan náà ni D (ojú tí gíà ti ń yí fúnra rẹ̀) àti M (ojú tí + àti − wà) jọ ń lò. Bí gíà bá ń yọ̀ ní D, á yọ̀ ní M. Bí brain-box bá rí àléébù tó le, tó ti gíà mọ́ ojú kan kí ọkọ̀ lè rọra délé, ẹ lè tẹ + àti − títí di alẹ́, kò ní dá yín lóhùn.

"Àmúlùmálà" ńkọ́? Ohun tí wọ́n dà pọ̀ rúdurùdu ni ọ̀rọ̀ yẹn ń mú wá sí etí mi, bẹ́ẹ̀ kò sí ìdàpọ̀ kankan nínú gíà yìí: gíà ọ́tò náà ni, tí wọ́n fi súwíìṣì àti ètò kọ̀ǹpútà kún. Ọkọ̀ tó ń lo epo bẹntiróòlù pọ̀ mọ́ bátìrì ló nílò orúkọ tó ń sọ nípa ìdàpọ̀ ju èyí lọ. "Agbàṣẹ" ló sún mọ́ òótọ́ jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ohun tó lè kọ ohun tí a ní kó ṣe kì í ṣe agbàṣẹ. Ẹnu tó bá sì ń yára á fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di agbaṣẹ́ṣe.

Àbá tèmi ni "gíà aládàáyí agbàmọ̀ràn". "Aládàáyí" sọ pé òun ló ń yí ara rẹ̀. "Agbàmọ̀ràn" sọ pé awakọ̀ lè dá a nímọ̀ràn, ó sì lè gbà tàbí kó kọ̀, gẹ́gẹ́ bí agbàmọ̀ràn gbogbo. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, "gíà agbàmọ̀ràn" ti tó. Orúkọ náà kò dárúkọ ọ̀nà tí wọ́n gbà kan irin inú rẹ̀, èyí sì ṣe pàtàkì, nítorí oríṣiríṣi irin ló wà lábẹ́ + àti −. Gíà DSG ti Volkswagen ní kílọ́ọ̀ṣì méjì nínú, kò ní torque converter (agolo òróró tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà ọ́tò). CVT, oríṣi gíà ọ́tò mìíràn, kò ní gíà àkàsọ̀ (ìkìíní, ìkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ) rárá, bẹ́líìtì irin àti púlì méjì tó ń fẹ̀ tó ń sún ni. "Gíà keje" tí Corolla oní-CVT ń fi hàn lójú pánẹ́ẹ̀lì, kọ̀ǹpútà ló yà á sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀. Agbàmọ̀ràn ni gbogbo wọn.

A ò sì lè sọ Tiptronic di ọ̀rọ̀ gbogbogbòò, bó tilẹ̀ wà lẹ́nu àwọn oníṣòwò ọkọ̀. Orúkọ òwò tó jẹ́ ti Porsche ni, tí àwọn bíi Audi ń gba àṣẹ lò. BMW ń pe tirẹ̀ ní Steptronic, Hyundai ní Shiftronic.

Ibi tí iṣẹ́ ṣì pọ̀ sí ni S àti M, lẹ́tà tí wọ́n máa ń kọ sí ojú + àti −. Nínú ìwé ìlò ọ̀pọ̀ Toyota, nọ́ńbà tó bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ S kì í ṣe gíà tí ọkọ̀ wà. S4 túmọ̀ sí pé ọkọ̀ lè lo ìkìíní dé ìkẹrin bó ṣe wù ú, kò sáà gbọdọ̀ dé ìkarùn-ún. M lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mìíràn yàtọ̀: M4 ni gíà kẹrin gan-an, yóò sì wà níbẹ̀ títí a ó fi sọ fún un pé kó kúrò, tàbí tí eré bá lọ sílẹ̀ jù. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo túmọ̀ méjèèjì, awakọ̀ S4 á máa rò pé gíà òun ti bàjẹ́ nígbà tó bá rí i pé ọkọ̀ tún yí sí ìkẹta fúnra rẹ̀. Mo dá àbá "ààlà gíà" fún ti S, àti "gíà àyàn" fún ti M. Àwọn kan dábàá "àdìmú" fún M nítorí pé ó ń di gíà mú. Ó dára létí, ṣùgbọ́n ní Òṣogbo tiwa yìí, níbi tí àwọn olólùfẹ́ Ọ̀ṣun ti ń fi adìmú bọ òrìṣà, ohun mìíràn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká dán àwọn ọ̀rọ̀ náà wò nínú ìtọ́ni gidi. Ẹ ti Òṣogbo gba Iléṣà, ẹ wá ń lọ sí ìhà Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, ọ̀nà sì fẹ́ máa dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀:

"Kí ẹ tó dé etí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ dín eré kù dé kìlómítà 60 ní wákàtí kan. Ẹ fa ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́, kó bọ́ sí ojú M. Ẹ má tì í síwájú kó tó bọ́ síbẹ̀ tán, nítorí lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀, iwájú D ni N (ojú tí ọkọ̀ kò ti sí nínú gíà kankan) wà. Ẹ tẹ − lẹ́ẹ̀kan. Ẹ dúró kí abẹ́rẹ́ RPM (èyí tó ń fi bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí tó hàn) fara balẹ̀, kí ẹ tó tẹ èkejì. Lórí gíà àyàn kẹta, RPM lè fò láti bí 1,500 lọ sí 2,500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ́ńjìnnì á máa pariwo, kì í ṣe àìsàn, òun ló ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Ẹ máa tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì tún jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó má baà gbóná kó di ẹlẹ́tàn lábẹ́ ẹsẹ̀."

Nínú ìtọ́ni yẹn, ẹ ó rí i pé mi ò kọ "tì í síwájú fún +". Mi ò lè kọ ọ́. Lórí Toyota, iwájú ni + wà. Lórí Mazda àti ọ̀pọ̀ BMW, iwájú ni −. Lórí àwọn Mercedes kan, òsì àti ọ̀tún ni wọ́n ń tì í sí. Nítorí náà, àmì ni kí ìwé máa tọ́ka sí, kì í ṣe ìhà tí ọwọ́ ń lọ.

Ó wá ku orúkọ + àti − fúnra wọn. Àwọn tó ti dá "gòkè" àti "sọ̀kalẹ̀" lábàá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un rò. Ẹni tó ń gun òkè ló nílò gíà tó kéré. Bí olùkọ́ awakọ̀ bá wá ń pariwo "gòkè!" fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí òkè, akẹ́kọ̀ọ́ á fi gíà kún un, ọkọ̀ á sì rọ pátápátá. "Fi kan kún un" àti "dín kan kù" kò lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Lórí ọkọ̀ tó ní etí méjì (tí ìka ń fà fún + àti −) lẹ́yìn sítíárì, ti ọ̀tún máa ń jẹ́ etí àfikún, ti òsì etí àdínkù. Bí etí méjèèjì bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, tí họ́ọ̀nù kò sì dún mọ́, kí rewáyà kọ́kọ́ wo wáyà tó ká róbótó sábẹ́ sítíárì kí ẹnikẹ́ni tó tú gíà.