Aṣọ wo lẹ wọ̀ lọ síbi íńtáfíù iṣẹ́ kọ̀ǹpútà?

Ní tèmi, ẹni tó pè mí fún íńtáfíù ni mo kọ́kọ́ bi léèrè: kí làwọn èèyàn yín ń wọ̀ síṣẹ́? Ó ní kí n wọ ohun tó bá tù mí lára. Ha! Aṣọ tí mo fi ń sùn ló tù mí lára jù. Ni mo bá lọ wo fọ́tò àwọn òṣìṣẹ́ wọn lórí ìkànnì wọn. Tí-ṣẹ́ẹ̀tì àti jíìnsì ló kún ibẹ̀. Mo pinnu pé màá múra jù wọ́n lọ díẹ̀: ṣẹ́ẹ̀tì búlúù oníbọ́tìnnì, ṣòkòtò dúdú, bàtà tó ti mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo ká kóòtù sínú báàgì, mi ò sì yọ ọ́ títí mo fi padà sílé.

Ohun tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún mi ni ti pátákó. Iṣẹ́ àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà ni mo ń wá, wọ́n sì ní kí n dìde kí n kọ ojútùú ìbéèrè tí wọ́n bi mí sójú pátákó funfun. Ṣẹ́ẹ̀tì tó bá kúrú, bó o bá ti nawọ́ sókè báyìí, ó ti fò jáde nínú ṣòkòtò nìyẹn. Tèmi gùn, mo ti dán an wò níwájú dígí. Àmọ́ etí ọwọ́ rẹ̀ ń nu ohun tí mo ń kọ rẹ́, yíǹkì sì ń yí i. Mo ká a dé ìgúnpá, mo ń bá iṣẹ́ lọ.

Àwọn kan á ní Mark Zuckerberg, ọ̀kan lára àwọn tó dá Facebook sílẹ̀, ńkọ́, tó jẹ́ pé tí-ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú kan náà ló máa ń wọ̀ ṣáá nígbà kan? Lọ́dún 2014, ó ṣàlàyé pé òun ò fẹ́ máa ronú lórí nǹkan kéékèèké. Ó dáa. Ta ló fẹ́ ṣe íńtáfíù fún un?

*

Orí fídíò ni wọ́n ti ṣe tèmi. Ṣẹ́ẹ̀tì onílà tín-ín-rín ni mo kọ́kọ́ mú. Nígbà tí mo tan kámẹ́rà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, àwọn ìlà yẹn ń jó lójú kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ mi ò mira! Mo pààrọ̀ rẹ̀ sí aláwọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń wọ ṣòkòtò péńpé sísàlẹ̀, ẹ rọra o. Wọ́n ní kí n mú káàdì ìdánimọ̀ wá káwọn rí i, àfi kí n dìde.

*

Mi ò gbà pẹ̀lú yín tán. Iṣẹ́ títa sọ́fítíwíà fáwọn báńkì ni mo wá lọ, kóòtù àti táì ni mo sì wọ̀. Ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún mi wò mí látòkè délẹ̀, jíìnsì ló wà nídìí tiẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀gá bi mí pé: “Ṣé bó o ṣe máa múra lọ bá oníbàárà nìyí?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM náà, kóòtù dúdú àti ṣẹ́ẹ̀tì funfun la mọ̀ wọ́n mọ̀ títí di 1995 tí wọ́n dẹ òfin yẹn, torí bẹ́ẹ̀ làwọn oníbàárà wọn ṣe ń múra nígbà náà.

*

Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n gbà yín síṣẹ́ ọ̀hún?

*

Wọ́n gbà mí. Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ lọ bá oníbàárà nìkan ni mo ń so táì.