Core kẹta ló ń ṣì í kà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ẹni tó bèèrè bóyá ìdánwò wákàtí kan tó fún processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) tí a ti mú sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Intel Core 2 Quad Q6600 ni tèmi, irú èyí tó jáde ní 2007. Core mẹ́rin ló ní, ìyẹn ẹ̀ka mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dá ṣírò, 2.4 GHz sì ni eré tirẹ̀: bus, ìyẹn eré ìpìlẹ̀ tí processor ń sọ di púpọ̀, jẹ́ 266 MHz, ìlọ́po rẹ̀ sì jẹ́ 9. Mo gbé bus sí 400 nínú BIOS, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó ṣí, ó di 3.6 GHz, mo sì bu fóltéèjì kún un. Windows ṣí wẹ́rẹ́, géèmù ń lọ geere, mo tilẹ̀ pe àbúrò mi kó wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Ní ọjọ́ kẹrin, mo fẹ́ tú fáìlì zip ńlá kan, kọ̀ǹpútà ní ó ti bàjẹ́. Mo tún un tú, ó sì ṣí. Fáìlì tó bàjẹ́ kì í wo ara rẹ̀ sàn; ìgbà yẹn ni ara fu mí. Mo wá gbé Prime95 ti George Woltman sí i, ètò tí wọ́n kọ láti fi wá nọ́ńbà àkọ́kọ́ (prime) irú ti Mersenne, àmọ́ tí àwa ń fi ń fìyà jẹ processor. Ìṣirò tí ètò náà ti mọ ìdáhùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń gbé fún core kọ̀ọ̀kan, bí ìdáhùn bá sì yàtọ̀, ó dá core yẹn dúró. Mo mú Small FFTs nínú àwọn ìdánwò rẹ̀, nítorí òun ló ń mú processor gbóná jù. Wákàtí márùn-ún kọjá kí core kẹta tó dúró: «FATAL ERROR: Rounding was 0.5, expected less than 0.4», ìyẹn ni pé ó ti ṣì í kà. Àwọn mẹ́ta yòókù kò mọ̀ pé nǹkan ṣe, máúsì ń rìn, ojú kọ̀ǹpútà kò di búlúù bó ti máa ń ṣe bí Windows bá dákú. Ká ní mo fi í sílẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan ni, ǹ bá búra pé ara rẹ̀ le.

Mo dá bus padà sí 333, ó di 3.0 GHz, mo sì dín fóltéèjì kù. Ó ṣiṣẹ́ mọ́jú láìṣì kankan, títí wọ́n fi mú iná lọ ní wákàtí kọkànlá.

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. London ni èmi wà. Mo dán processor mi, Intel i7-2600K, wò ní 4.5 GHz ní oṣù kìíní, nínú otútù, fún wákàtí mẹ́jọ, kò ṣì í kà rárá. Nígbà tí ooru oṣù keje dé, core kan jábọ́ kí ogójì ìṣẹ́jú tó pé, bẹ́ẹ̀ n kò fọwọ́ kan BIOS. Ooru yàrá ló gun orí ti processor. Ṣé ọyẹ́ ni ẹ̀yin fi dán tiyín wò, àbí ọ̀gbẹlẹ̀?

*

Ọyẹ́ ni, àbúrò. Ẹ jẹ́ kí oṣù kẹta dé, màá tún un ṣe.